Ìrántí Ìgbà Èwe: Ṣé Hypnosis Lè Bá Wa Wá Òtítọ́ Rí?

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n mú kókó kan tí yóò ṣe ìdílé wa láǹfààní. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé owó ìfẹ̀yìntì ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, kí ara má baà ta wá. Ohun tí mo mú wá lónìí ni ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká níbí ní Kaduna. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ìdílé náà kí n tó sọ ọ́. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣe bèèrè lọ́wọ́ mi bí a bá jáde.

Ọ̀RỌ̀ ÀPÁ KAN

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan sínú ìdílé náà ní ọdún 1986. Àpá iná wà ní apá òsì rẹ̀ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ a máa sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni ó na ọwọ́ fa ìkòkò omi gbígbóná kúrò lórí sítóòfù. Bí ó ṣe dàgbà nìyẹn, tí ó lọ sí yunifásítì, tí ó rí iṣẹ́, tí ó sì lọ́kọ.

Ní ọdún 2021, oorun bẹ̀rẹ̀ sí dá lójú rẹ̀ lóru. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní ìlú mìíràn, tí ó ń fi hypnosis ṣe ìtọ́jú. Ọkùnrin náà ní kí ó dùbúlẹ̀, kí ó dijú, kí ó padà sẹ́yìn títí yóò fi di ọmọ ọdún 2. Ó wá ń bi í léèrè: “Ta ni ó dúró tì ọ́? Ṣé obìnrin ni? Ṣé ẹni tí o mọ̀ ni? Kí ni ó mú lọ́wọ́?” Nígbà tí ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí i. Ó rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ó gbé ìkòkò náà dání, tí ó fa ojú ro, tí ó sì da omi náà lé òun lórí. Ẹkún ni ó sun délé.

Àǹtí tí à ń wí yìí ni ó tọ́ ìdajì àwọn ọmọ ilé náà. Wọ́n ní kí ó má ṣe wá mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láìpè é. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún 2. Ìyá sọ ohun tí ó mọ̀, wọ́n ní ó ń bo àṣírí àna rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ ná. N óò parí ìtàn náà kí n tó jókòó.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ HYPNOSIS?

James Braid, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Manchester, ni ó sọ orúkọ náà di mímọ̀ láàárín ọdún 1841 sí 1843. Láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì fún oorun ni orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe oorun. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é ń gbọ́ràn, ó sì lè dáhùn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara rẹ̀ rọ̀, ọkàn rẹ̀ kò lọ síbòmíràn, ó sì ń gba ìmọ̀ràn ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ju bí ó ṣe máa ń gbà á lọ. Kì í ṣe gbètugbètu, kì í sì í ṣe oògùn. Àwọn kan wà tí ó máa ń tètè mú, àwọn mìíràn wà tí kò lè mú rárá.

N kò wá síbí láti bà á jẹ́. Àwọn dókítà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń lò ó láti mú ìrora fúyẹ́, láti pẹ̀tù sí ọkàn tí ẹ̀rù bà, àti fún àwọn kan tí inú ń dà láàmú ṣáá. Bí ènìyàn bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, tí wọ́n sì fi hypnosis dín in kù, inú wa dùn. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀: bí a bá fi hypnosis wá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà èwe, ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí a bá rí? Ìdáhùn mi ni pé a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

ÌRÁNTÍ DÀ BÍ FÁÌLÌ, KÒ DÀ BÍ FỌ́TÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbogbo ohun tí ojú wa rí láti ọjọ́ tí a ti dé ayé ni ó wà nínú ọpọlọ wa bí ó ṣe rí gan-an, bí ìgbà tí a ti fọ́tò mọ́ inú àpótí, pé ohun tí a nílò kò ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, hypnosis ì bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe iṣẹ́ ìjọba, ẹ mọ fáìlì. Fáìlì kì í wà bí ó ṣe wà. Ẹni tí ó bá mú un kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, ẹni kejì fi ìwé mìíràn kún un, òmíràn a yọ ojú ewé kan sọnù. Lẹ́yìn ọdún 20, fáìlì kan náà ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ó wà níbẹ̀ mọ́. Bí ìrántí ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí a bá rántí nǹkan ni a ń ṣí fáìlì, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣí i ni a lè fi nǹkan kún un láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí ó mọ̀ mí dáadáa ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi bí bàbá mi ṣe gbé mi kọ́ ọrùn ní Òṣogbo, ní October 1, 1960, tí mo ń wo àsíá Nàìjíríà tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí mo sì di ife òmìnira mú lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo rí àsíá náà. Mo gbọ́ ìlù. Mo mọ bí ife náà ṣe tutù lọ́wọ́ mi. Ní ọdún 2009, nígbà tí a ń ṣe ìsìnkú bàbá wa, mo sọ ọ́ níwájú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ kẹ̀? O kò tíì pé ọmọ ọdún 2. Ara rẹ gbóná lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn màmá ni o wà nínú ilé. Èmi ni mo jókòó sí ọrùn bàbá. Èmi ni wọ́n fún ní ife.”

Òótọ́ ni ó sọ. Mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti kékeré títí mo fi wọ inú rẹ̀, tí mo sì lé onítàn jáde. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé títí di òní, bí mo bá dijú, mo ṣì ń rí àsíá náà. Mímọ̀ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi kò pa á rẹ́. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò fi hypnosis ṣe mí.

Àwọn olùkọ́ tí ó wà níbí ti gbọ́ orúkọ Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ṣe ìwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú. Òun náà sọ irú rẹ̀. Ó rántí kedere pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 2, tí olùtọ́jú òun ń tì òun nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ní ìlú Paris, ọkùnrin kan fẹ́ jí òun gbé, tí olùtọ́jú náà sì bá a jà títí ojú rẹ̀ fi bó. Àwọn òbí rẹ̀ fi aago kan ta obìnrin náà lọ́rẹ. Nígbà tí Piaget tó ọmọ ọdún 15, obìnrin náà kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé òun ti di onígbàgbọ́, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́: irọ́ ni gbogbo rẹ̀, òun fúnra òun ni òun ha ara òun lójú. Ó dá aago náà padà. Piaget ti gbọ́ ìtàn náà nílé, ó sì ti fi ojú inú yà á di ìrántí.

Ẹ tún wò ó: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa àgbà kò lè rántí ohunkóhun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó pé ọmọ ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Apá ọpọlọ tí ó ń to ìrántí jọ kò tíì gbó nígbà náà, ọmọ náà kò sì tíì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dì í mọ́ra. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun lè mú ọ padà sí ọmọ ọdún 2, ohun tí kò sí nínú àpótí ni ó fẹ́ bá ọ mú jáde.

Ní ọdún 1995, Elizabeth Loftus àti Jacqueline Pickrell tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ìtàn ìgbà èwe jọ lọ́wọ́ ẹbí àwọn ènìyàn 24, ìtàn òótọ́ 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi irọ́ 1 kún un: pé ó sọnù nínú ọjà ńlá nígbà tí ó wà ní bí ọmọ ọdún 5. Ènìyàn 6 nínú 24 sọ pé àwọn rántí rẹ̀, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí díẹ̀. Ìbéèrè lásán ni wọ́n bi wọ́n, kò sí hypnosis níbẹ̀.

KÍ NI HYPNOSIS Ń FI KÚN UN?

Bí ìrántí bá rọ̀ tó báyìí lójú mọ́jú, ẹ wo bí yóò ti rí nígbà tí a bá mú kí ọkàn ènìyàn rọ̀ láti gba ohunkóhun tí a bá sọ sí i. Ní ọdún 1983, Jean-Roch Laurence àti Campbell Perry ní Kánádà mú ènìyàn 27 tí hypnosis máa ń tètè mú. Olúkúlùkù yan alẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí ó sùn láìjí. Nígbà tí wọ́n fi hypnosis ṣe wọ́n, wọ́n sọ fún wọn pé ariwo ńlá jí wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, 13 nínú wọn ní òótọ́ ni ariwo náà pa. Ìdajì nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n padà sí, kì í ṣe 30 ọdún sẹ́yìn.

Dókítà Martin Orne náà ti tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1951 lórí dídá àgbà padà sí ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lò jẹ́ ọmọ Jámánì, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6. Wọ́n dá a padà sí ọdún 6, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ó fi èdè Jámánì dáhùn pé rárá. Ẹ bá mi rò ó: bí kò bá gbọ́, kí ni ó dáhùn? Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Àgbà ni ó ṣì jẹ́, tí ó ń ṣe bí ó ṣe rò pé ọmọdé yóò ṣe.

Ní ọdún 1985, American Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn ìgbìmọ̀ wọn jáde. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá rántí lójú hypnosis lè ní àròsọ àti ìrántí èké nínú, àti pé kò péye ju èyí tí ó rántí láìsí hypnosis lọ. Ewu tí ó burú jù níbẹ̀ ni ìdánilójú. Hypnosis lè jẹ́ kí ẹni náà túbọ̀ dá ara rẹ̀ lójú láìjẹ́ pé òtítọ́ pọ̀ sí i. Àwa Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó jáde nínú hypnosis gbà pé àfojúbà ni tòun, nígbà tí ó jẹ́ pé ìròyìn ni, ìròyìn tí ẹni tí ó ń bi í ní ìbéèrè ti bá a fi ọwọ́ kàn.

OHUN TÍ Ó TI FÀ NÍ ILÉ ẸJỌ́

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìpínlẹ̀ New Jersey fi òfin líle de irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní 1981. Ti California tẹ̀lé e ní 1982, wọ́n ní ẹlẹ́rìí tí a ti fi hypnosis ṣe kò gbọdọ̀ wá jẹ́rìí lórí ohun tí wọ́n bi í lábẹ́ rẹ̀. Ní 1987, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà sọ pé a kò lè fi òfin gbogboogbò di ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn lẹ́nu pé kí ó má gbèjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà gbà pé ewu wà níbẹ̀.

Ní California yìí kan náà ni wọ́n ti dá George Franklin lẹ́bi ní 1990, pé òun ni ó pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan ní 1969. Ẹ̀rí tí ó wúwo jù ni ti ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ní ìrántí náà padà wá lẹ́yìn 20 ọdún. Ní 1995, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìdájọ́ náà. Arábìnrin ẹlẹ́rìí náà wá sọ pé wọ́n ti fi hypnosis ṣe é kí ó tó lọ jẹ́rìí. Wọ́n tú bàbá náà sílẹ̀ ní 1996. Ó ti lo ọdún 6 ní àhámọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, obìnrin kan gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ tí ó fi hypnosis mú un “rántí” ìwà ìkà tí ẹnu kò lè sọ, pé òun tilẹ̀ ti jẹ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó pe ẹjọ́. Ní 1997 wọ́n yanjú rẹ̀ pẹ̀lú owó mílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Ẹ jọ̀wọ́, èló ni a óò san fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀?

Ó KÀN WÁ NÍBÍ

Ẹnìkan lè sọ pé, “Bàbá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa, ta ni ó ń ṣe hypnosis ní Nàìjíríà?” Àwọn tí ó ń ṣe é kò pọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Mú ọmọdé, fi ebi pa á, má jẹ́ kí ó sùn fún òru 3, kí o wá máa bi í pé, “Ta ni ó fún ọ ní oúnjẹ lójú oorun? Ṣé ìyá àgbà ni? Ṣé o dá a lójú pé kì í ṣe ìyá àgbà?” Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà yóò ti rí ìyá àgbà. A ti rí i ní orílẹ̀-èdè yìí bí wọ́n ṣe pe àwọn ọmọ kéékèèké ní àjẹ́, tí wọ́n sì lé wọn sí títì, débi pé ìjọba Akwa Ibom fi òfin dè é ní 2008. Ìbéèrè tí ó ti gbé ìdáhùn dání kì í ṣe ìwádìí.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì bákan náà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe gbé e jù sílẹ̀. Àwọn àgbà kan wà tí ó ń ṣe ọmọdé níṣekúṣe, wọ́n wà nínú ilé, wọ́n wà láàárín ẹbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ sí kò gbàgbé rí, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ. Òmíràn a rántí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì lè jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀rọ̀ mi lónìí lọ fi pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Òfin wà fún ìyà wọn: Child's Rights Act ti 2003 àti òfin tí ó dènà ìwà ipá sí ènìyàn ti 2015. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wúwo ni a kò ṣe gbọdọ̀ fi ohun tí kò dúró gbé e dúró. Bí ẹ̀rí èké bá jáde ní gbangba nígbà kan, ẹlẹ́rìí òtítọ́ ni wọn kò ní gbà gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ìmọ̀ràn mi kò ju 4 lọ.

1. Bí ọmọ bá sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ bi í pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀?” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

2. Bí ìdààmú ọkàn bá ń bá àgbà jà, ẹ jẹ́ kí ó lọ bá dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bá ọ hú ìrántí jáde kí òun tó tọ́jú rẹ, ẹ sá fún un.

3. Bí ìrántí bá ti jáde lójú hypnosis, lójú àlá tàbí lójú ìran, ẹ mú un bí ìbéèrè, ẹ má mú un bí ìdáhùn. Ẹ wá ohun tí ó wà lóde ara onítọ̀hún: ìwé, fọ́tò, ọjọ́ orí, ẹni tí ó wà níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

4. Ẹ má pe ẹni tí ìrántí tàn jẹ ní òpùrọ́. Òpùrọ́ mọ òtítọ́, ó fi pamọ́. Onítọ̀hún kò mọ̀. Bí a bá bú u, a óò sọ ọ́nú.

ÒPIN ÌTÀN NÁÀ

Ní ọdún 2023, wọ́n pe àwa àgbà 3 sí ọ̀rọ̀ ìdílé tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. A béèrè ìwé, bí a ti máa ń ṣe ní ọ́fíìsì. Ìyá lọ ṣí àpótí rẹ̀, ó sì mú káàdì ọsibítù ọmọ náà jáde, tí etí rẹ̀ ti jẹ. March 1988 ni ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi gbígbóná ni, pé ọmọ ni ó fà á lórí sítóòfù. A wá bi bàbá pé, ọdún wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé Kaduna? Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ní Ìkìrun ni ó wá, ní 1990. Ṣé wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sílé rí kí ó tó di ìgbà náà? Wọn kò gbé e lọ. Ọdún 2 ni ó wà láàárín àpá náà àti ọjọ́ tí àǹtí kọ́kọ́ fi ojú kan ọmọ náà.

Ọmọbìnrin náà gba káàdì náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí i, bàbá.” Mo ní, “Mo mọ̀. Èmi náà ṣì ń rí àsíá.” Mo wá sọ ìtàn ife òmìnira fún un.

Gbogbo wọn lọ kúnlẹ̀ fún màmá àgbà náà. Ó dárí jì wọ́n, ó gbé ọmọ tí wọn kò pè é sí ìsọmọlórúkọ rẹ̀ lé itan, ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2 tí ó fi dá jókòó sínú yàrá rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń wò ó lójú ìkà, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà fún un. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ tọ́jú káàdì ọsibítù àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Ọkàn ọmọ ènìyàn a máa gbàgbé, a sì máa fi tirẹ̀ kún un. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa tú ilé wa ká.